Ẹ Bi Ìyá Eléku: Búlúù méjì bí ọmọ dúdú, ta ló purọ́?

Lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti ìrísí eku ọ̀sìn ló sì kún inú wọn. Àwọn tó béèrè nípa oúnjẹ àti kéèjì, ẹ ní sùúrù, ìyẹn ṣì ń bọ̀. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ níbí, kó má bínú.

Ìbéèrè: Ìyá Eléku, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra akọ eku búlúù lọ́wọ́ ẹnì kan, mo ra abo búlúù lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo kó wọn pọ̀, abo lóyún, ó sì bí mọ́kànlá. Kò sí búlúù kan ṣoṣo níbẹ̀! Dúdú kirikiri ni gbogbo wọn. Ẹni tó ta abo fún mi ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Àbí oyún ti wà nínú rẹ̀ kí n tó rà á? Inú ń bí mi gan-an. — Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ

Ìdáhùn: Ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́. Oyún eku máa ń wà láàárín ọjọ́ 21 sí 23. Bí abo yín bá ti lò ju ìyẹn lọ lọ́dọ̀ yín kó tó bímọ, ẹ gbé ẹ̀sùn oyún kúrò nílẹ̀. (Eku tó ń fún ọmọ lọ́mú nígbà tó tún lóyún lè pẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ pé tiyín gbé ọmọ dání nígbà tẹ́ ẹ rà á.) Akọ yín ló ni àwọn ọmọ, kò sì sẹ́ni tó rẹ́ yín jẹ.

Oríṣi búlúù méjì ló gbajúmọ̀ nínú eku ọ̀sìn. Èkíní ni wọ́n ń pè ní British Blue tàbí American Blue, èkejì ni Russian Blue. Jíìnì (ohun kékeré inú ara tó ń gbé ìrísí òbí fún ọmọ) tó ń sọ ti ìkíní di búlúù kọ́ ló ń sọ ti ìkejì di búlúù. Jíìnì méjèèjì ló máa ń sá pamọ́. Kí èyíkéyìí tó yọ lára ọmọ, ọmọ gbọ́dọ̀ gba ẹyọ kan lọ́wọ́ bàbá, kó tún gba ẹyọ kan irú kan náà lọ́wọ́ ìyá. Ẹ wo ohun tó wá ṣẹlẹ̀: ọ̀kan nínú àwọn eku yín fi ti American jogún, èkejì fi ti Russian jogún. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan níbí, ẹyọ kan lọ́hùn-ún, kò ní méjì nínú èyíkéyìí. Dúdú nìkan ló kù tó lè hàn.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èwo ni èwo, ẹ gbé wọn lọ sójú fèrèsé lọ́sàn-án, kì í ṣe abẹ́ iná o. Ẹ fẹnu fẹ́ irun ẹ̀yìn wọn kó là sí méjì. American Blue máa ń dán, àwọ̀ rẹ̀ sì dọ́gba láti orí dé ìdí. Ti Russian ṣú jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí irin. Irun rẹ̀ kúrú, ó ki, bẹ́ ẹ bá sì wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé àwọ̀ náà ṣe wínníwínní, kò tẹ́jú. Ẹ fọwọ́ pa á, ọwọ́ yín gan-an á sọ fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta àwọn ọmọ dúdú yẹn ní ìtàkutà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: búlúù méjì ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ mú èyí tára rẹ̀ le jù nínú àwọn abo, ẹ jẹ́ kó dàgbà tó oṣù 4 tàbí 5, ẹ wá fi bàbá rẹ̀ gùn ún. Bí ìdajì ọmọ ibẹ̀ á jẹ́ búlúù, irú ti bàbá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ orúkọ búlúù kọ̀ọ̀kan sínú ìwé yín bó ṣe jẹ́. Ẹni tó bá kọ “búlúù” lásán á tún pàdé dúdú lọ́nà.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mà, eku búlúù tó ní etí Dumbo ni mo ń wá. Mo fi akọ búlúù tí etí rẹ̀ wà lókè gun abo dúdú elétí Dumbo. Gbogbo ọmọ ló dúdú, etí gbogbo wọn ló sì wà lókè. Ṣé kí n jáwọ́? — Ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ràn eku

Ìdáhùn: Má jáwọ́, ọmọ mi. Ibi tó yẹ kó o dé gan-an lo dé yẹn.

Fún àwọn tí kò tíì rí Dumbo rí: etí rẹ̀ tóbi, ó rí roboto, ẹ̀gbẹ́ orí nísàlẹ̀ ló sì wà, kò nàró sókè bíi ti eku yòókù. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ní 1991. Jíìnì tó ń sá pamọ́ lòun náà. Àwọn ọmọ tó o bí yìí ti gbé búlúù, wọ́n sì ti gbé Dumbo, wọn ò kàn fi hàn ni.

Bó o bá wá fi ẹ̀gbọ́n gun àbúrò, ìṣirò rẹ̀ nìyí. Ìdá kan nínú mẹ́rin á jẹ́ búlúù. Ìdá kan nínú mẹ́rin á ní etí Dumbo. Èyí tó ní méjèèjì jẹ́ ẹyọ 1 nínú 16. Eku sì sábà máa ń bí 8 sí 12 lẹ́ẹ̀kan. Ká ní tìrẹ bí 12: bí ìgbà 46 nínú 100 ni o ò ní rí búlúù elétí Dumbo kankan níbẹ̀. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì! Ibí yìí làwọn èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ẹni tó ta eku fún wọn, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ni.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn nìyí. Nínú ìbí yẹn, wàá rí búlúù tí etí rẹ̀ wà lókè, wàá sì rí dúdú tó jẹ́ Dumbo. Nínú búlúù mẹ́ta bẹ́ẹ̀, a lè retí pé méjì gbé Dumbo pamọ́. Nínú Dumbo dúdú mẹ́ta, a lè retí pé méjì gbé búlúù pamọ́. So irú méjì yìí pọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ agbépamọ́, ẹyọ kan nínú mẹ́rin lohun tó ò ń wá, kì í ṣe ẹyọ kan nínú mẹ́rìndínlógún mọ́. Bó bá sì jẹ́ pé búlúù elétí Dumbo kan ti yọ, má tún wá ìṣirò kankan, fi òun náà gun ọ̀kan nínú wọn.

O ò ní láti dúró dìgbà tí wọ́n bá dàgbà kó o tó mọ̀. Bí ìyá bá ti jáde nínú ìtẹ́ láti lọ mu omi, fọwọ́ ra ìtẹ́ rẹ̀ kí òórùn rẹ̀ lè wà lọ́wọ́ rẹ, kó o wá gbé ọmọ kan síbi ìmọ́lẹ̀, kó kọjú sí ẹ. Etí ọmọ ọjọ́ kan kò ju abala awọ kékeré tó lẹ̀ mọ́ orí lọ. Ti ọmọ elétí òkè wà lókè ojú, ti Dumbo wà lápá ẹ̀gbẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú dọ́gba. Ojú ò tíì là, ṣùgbọ́n bí eku náà máa ní ojú dúdú, wàá rí i tó ṣú lábẹ́ awọ; olójú pupa kò ní irú ẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, awọ àwọn tó máa dúdú á ti ṣú, ti búlúù á fẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ. Dá a padà kíá kó má baà tutù.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà rẹ tó ń bọ̀ á béèrè Rex, eku onírun kíká. Rex kì í sá pamọ́: ẹyọ jíìnì kan ti tó, irun imú ọmọ á sì ti ká láti ìgbà tí wọ́n bá bí i. Má fi Rex gun Rex. Ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ wọn á gba ẹyọ méjì, irun rẹ̀ á sì máa já kiri, òní ẹ̀yìn pá, ọ̀la ẹ̀gbẹ́ pá. Fi onírun títọ́ gùn ún, ìdajì ọmọ á ká, ó tán.

Ìbéèrè: Mà, eku Hooded ni mo ń sìn, orí àti èjìká dúdú, ara funfun, ìlà dúdú látòkè dé ìrù. Ìlà ẹ̀yìn ló ń dààmú mi. Ti òmíràn já sọ́nà méjì mẹ́ta, ti òmíràn tẹ́ bẹẹrẹ. Jíìnì wo ló ń mú ìlà tọ́?

Ìdáhùn: Kò sí jíìnì kan ṣoṣo tó ń ṣe é. Ẹyọ jíìnì kan ló ń sọ eku di Hooded lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kéékèèké lọ́pọ̀lọpọ̀ ló ń sọ bí ìlà á ṣe gùn àti bó ṣe máa fẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, William Castle àti John Phillips ní yunifásítì Harvard, ti ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1914. Wọ́n fi eku Hooded tó ṣú jù gun èyí tó ṣú jù, wọ́n fi èyí tó funfun jù gun èyí tó funfun jù, láti ìran dé ìran. Ìdílé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán, ìdílé kejì pàdánù ìlà, orí nìkan ló kù. Jíìnì Hooded ò sì yí padà. Ìgbà tí wọ́n da ẹ̀jẹ̀ eku mìíràn pọ̀ mọ́ wọn, àwọn ọmọ tún ń padà sí bó ṣe wà.

Nítorí náà, yíyàn ni. Máa ya fọ́tò ọmọ kọ̀ọ̀kan látòkè nígbà tí irun bá ti bò wọ́n, kó o sì tọ́jú fọ́tò náà pẹ̀lú orúkọ òbí. Má ṣe fi èyí tí ìlà rẹ̀ já gun èyí tí tirẹ̀ fẹ̀, kó o máa retí pé wọ́n á pàdé láàárín. Fi èyí tó sún mọ́ ohun tó o fẹ́ gun èyí tó sún mọ́ ọn. Èmi ò kórìíra ìlà tó já o, ó máa ń wù mí. Àwọn adájọ́ ìdíje ni kò ní í bá ẹ rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè: Àwọ̀ eku Siamese mi ń ṣí nínú ooru, dúdú imú àti ìdí ìrù rẹ̀ ń lọ. Mo tún fi eku funfun olójú pupa gùn ún, kò sì bí Siamese kan. Kí ló ṣe é?

Ìdáhùn: Kò ṣàìsàn. Ohun tó ń ṣe àwọ̀ nínú Siamese kì í ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí ara bá ti gbóná. Imú, etí, ẹsẹ̀ àti ìrù ló tutù jù, ibẹ̀ ló ti ń ṣú. Ooru dé, ó ṣí. Òtútù dé, ó tún padà. Ológbò Siamese náà, bákan náà ló rí.

Ní ti àwọn ọmọ: Siamese ní ẹyọ méjì jíìnì tó ń sọ eku di Siamese. Ọmọ tó gba ẹyọ kan níbẹ̀, tó wá gba ẹyọ jíìnì funfun lọ́dọ̀ òbí kejì, Himalayan lorúkọ rẹ̀: ara rẹ̀ funfun ju ti Siamese lọ, imú àti ìrù rẹ̀ sì ṣú díẹ̀. Himalayan ni gbogbo ọmọ rẹ, dúró kí wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wàá rí i. Fi Himalayan méjì gun ara wọn, bí ìdá kan nínú mẹ́rin á jẹ́ Siamese, ìdá kan á funfun pátápátá, ìdajì á tún jẹ́ Himalayan.

Ìbéèrè: Ìyá wa, níbo lèèyàn ti ń rí eku aláwọ̀ àrà? Ẹnì kan ní òun ní ọ̀kan tí irú ẹ̀ ò sí lágbàáyé, owó gọbọi ló sì ń pè. Mo ń sáré kí ẹlòmíràn má baà ṣáájú mi. — Mo ti kó owó dání

Ìdáhùn: Dá owó yẹn padà sápò ná. Ẹni tí irú eku bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́ lóòótọ́ kò ní ráyè tajà, á ṣì máa wá bó ṣe máa mọ̀ bóyá àwọ̀ náà ń jogún àbí òjìji lásán ni.

Àwọn àrà tí ẹ ń rí lónìí, ẹni tó lójú ló rí wọn nínú ohun tí gbogbo èèyàn ń kọjá lára rẹ̀. Jack Black, ẹni tó ń pa eku fún Ọbabìnrin Victoria, kò pa gbogbo ohun tó mú. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣàjèjì, á sìn ín, á jẹ́ kó bímọ, á wá tà á fáwọn obìnrin ọlọ́lá pé kí wọ́n fi ṣe ohun ọ̀sìn. Ní 1901, Mary Douglas gbé eku wá sí ìdíje àwọn tó ń sin èlírí ní Aylesbury, ní Ìlú Ọba, òun ló sì gba ipò kìíní. National Fancy Rat Society, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin eku ọ̀sìn, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ náà ní 1976. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kó o wá, nítorí àwọn tó ń bẹ níbẹ̀ ń kọ ìwé ìran eku wọn sílẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kémi lọ wá ohun àrà, inú kéèjì eku funfun olójú pupa ni màá kọ́kọ́ wò. Ẹ̀rín ń pa yín, àbí? Funfun yẹn aṣọ lásán ni. Jíìnì rẹ̀ ló pa gbogbo àwọ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì wà: ó lè jẹ́ búlúù, ó lè jẹ́ Hooded, ó lè jẹ́ ohun tí ẹ ò rò. Fi dúdú kan tó o mọ ìran rẹ̀ gùn ún, kó o sì fi ọmọ gun ọmọ, wàá rí ohun tí ẹni tó tà á kò mọ̀ pé òun tà.

Bó o bá lọ wo eku, má bẹ̀rẹ̀ látara àwọ̀. Ní kí wọ́n mú ìyá rẹ̀ wá, àti bàbá bó bá ṣeé ṣe. Béèrè ohun tó pa àwọn òbí àgbà àti ọjọ́ orí tí wọ́n kú. Gbé eku náà, kó o fi ẹ̀gbẹ́ àyà rẹ̀ lé etí rẹ. Ó yẹ kó dákẹ́. Bó o bá gbọ́ tó ń hùn tàbí tó ń ta pápá, dá a padà, àrùn inú àyà tí kòkòrò àìlèfojúrí tó ń jẹ́ Mycoplasma ń fà kò ṣọ̀wọ́n nínú eku, kì í sì í lọ tán. Bí òórùn ìtọ̀ bá lù ẹ́ lójú ní ẹnu ọ̀nà, o ò nílò láti wọlé pàápàá.

Eku tuntun gbọ́dọ̀ gbé yàrá tirẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Ìyẹn náà kì í mú gbogbo nǹkan o. Ní 2017, kòkòrò àìlèfojúrí tí wọ́n ń pè ní Seoul virus yọ láàárín àwọn tó ń sin eku ní Illinois àti Wisconsin, ó dé ìpínlẹ̀ 11 ní Amẹ́ríkà, ó sì mú èèyàn. Eku tó gbé e kì í ṣàìsàn, kì í sín, ara rẹ̀ á dá ṣáṣá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn. Ẹni tó bá ń ra eku láti ibi púpọ̀, kó bá dókítà ẹranko sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Eku ìgboro tó ní àwọ̀ àrà ńkọ́? Iṣẹ́ Jack Black nìyẹn, kì í ṣe tìrẹ.

Ìbéèrè: Ọmọ kan tí kò ní ìrù yọ nínú ìbí wa, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi sin ìran aláìnírù. Ọ̀kan míì sì wà tó ní ìlà funfun gbọọrọ níwájú orí, ó rẹwà. Ewo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Má fi aláìnírù bímọ. Ìrù ni eku fi ń dúró lórí okùn, ìrù ló fi ń tú ooru ara sílẹ̀. Jíìnì tó mú ìrù lọ kì í sábà dúró níbi ìrù, ó máa ń dé eegun ẹ̀yìn. Wàá rí èyí tí kò lè mú ìtọ̀ dúró, wàá rí èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ò le, abo sì lè rọbí láìlè bí. National Fancy Rat Society kì í gba irú rẹ̀ síbi ìdíje, mo sì fara mọ́ wọn. Jẹ́ kó máa ṣeré, kó jẹun, kó gbó.

Ní ti oníwájú funfun, béèrè nípa àwọn tí wọ́n jọ wá. Nínú àwọn ìran kan tí funfun pọ̀ lójú àti lórí wọn, àwọn ọmọ kan wà tí iṣan inú ìfun wọn kò pé. Ìgbẹ́ ò ní lè kọjá, ikùn á wú. Ó lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá já lẹ́nu ọmú, ó sì lè pẹ́ kó tó yọ. Bí ọmọ kan bá ti rí bẹ́ẹ̀ nínú ìdílé yẹn, má fi bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bímọ mọ́. Ẹwà orí ò tó ohun tí ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á máa jẹ̀rora fún.

Ìbéèrè: Ṣé eku lè gun èlírí kí wọ́n bí àdàlù?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹ má tilẹ̀ kó wọn sínú kéèjì kan náà, eku á pa á.

Ìbéèrè: Ìyàwó mi ní kí n mú akọ kúrò kí abo tó bímọ, mo ní kó jẹ́ kí wọ́n wà pa pọ̀, bàbá ọmọ ni. Ta ló tọ̀nà?

Ìdáhùn: Ìyàwó yín ló tọ̀nà. Akọ kì í sábà ṣe ọmọ rẹ̀ léṣe, ìyá ọmọ lẹ̀rù ń bà mí fún. Láàárín wákàtí 24 tó bá bímọ ló tún lè gboyún, á wá máa fún ọmọ lọ́mú pẹ̀lú òmíràn nínú. Ẹ mú akọ kúrò nígbà tí ikùn abo bá ti yọ. Tí àwọn ọmọ bá di ọ̀sẹ̀ 5, ẹ ya akọ sọ́tọ̀, ẹ ya abo sọ́tọ̀, lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tí ẹ ń pè ní ọmọ yẹn ti ń gun ara wọn.